Àkísà Gbàjúmọ̀

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìlọṣọ, ó fi ìka méjì mú àkísà kan, ó na ọwọ́ jìnnà bí ẹni tó mú òkú eku. Orí àkísà yẹn ni ajá bàbá àgbà ti sùn mọ́jú. Irun lẹ̀ mọ́ ọn, itọ́ ti gbẹ sí i lára, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú ẹni tó mú un wọlé. Nínú yàrá, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá rẹ̀ ti lọ̀ wà lórí ìkọ́, òórùn ọṣẹ ń ta sánsán lára wọn. Lórí tábìlì ìlọṣọ, ológbò ilé wọn ká ara rẹ̀ jọ síbi tí áyọ́ọ̀nù ti mú gbóná, ó ń wò ó.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ju pé kó tẹ́ àkísà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ ológbò, kó sì mú àkísà ti ológbò lọ fún ajá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wọlé. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń kì í nílọ̀ pé ohun ìdọ̀tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yìí láìjẹ́ pé ó ti rí omi àti ọṣẹ. Ó wo àkísà, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó yí padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó fọ àkísà náà, ó ṣan án, ó sá a sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó tún lọ̀ ọ́. Ó ká a dáadáa bí aṣọ oníbàárà kó tó wá gbé e síwájú ológbò.

Ológbò gbóòórùn rẹ̀, ó yán, ó sì lọ jókòó lé e lórí. Inú ọmọ náà dùn. Ó mú àkísà ti ológbò náà, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e lọ fún ajá. Ajá pẹ̀lú kò bá a wí. Bó ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, kó tó wọ aṣọ iléèwé.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó gbọ́njú, iṣẹ́ fífọ àti lílọ aṣọ yìí ni wọ́n sì fi ń jẹun. Nínú ilé tí wọ́n ń gbé náà ni ṣọ́ọ̀bù wà: yàrá ìlọṣọ níwájú, yàrá ìsùn lẹ́yìn, yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ẹ̀yìnkùlé tó kún fún okùn ìsáṣọ. Kò sí ohun tí kì í rùn bí ọṣẹ nínú ilé náà, títí kan búrẹ́dì. Ọlọ́ṣẹ ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ń pè é níléèwé. Kò bínú sí orúkọ yẹn. Ó ṣáà sàn ju Oníkọ́, tí wọ́n ń pe ọmọ tó jókòó tì í, torí ikọ́ rẹ̀.

Ìyáálé ni wọ́n ń pe ológbò, torí ìrìn rẹ̀ jọ ti ẹni tó nilé, tí gbogbo àwọn tó kù kàn ń bá a gbé. Iṣẹ́ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ mú un wá. Kó tó dé, eku ti gé apá kóòtù oníbàárà kan jẹ, ẹni yẹn sì pariwo débi pé àwọn mìíràn wá kó aṣọ wọn. Láti ìgbà tí Ìyáálé ti dé, eku kankan kò tún gbójú lé aṣọ nínú ilé náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ a máa sọ pé bí òun bá lè san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni, Ìyáálé ni yóò kọ́kọ́ gbà á.

Bí wọ́n ṣe wà nìyí tí bàbá ìyá rẹ̀ fi ṣubú nílé ìwẹ̀. Káfíńtà ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀ ní ìlú kejì, òun àti ajá rẹ̀. Ajá yẹn ló gbó títí tí àwọn aládùúgbò fi já ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kó máa bọ̀ wá bá àwọn gbé, òun ò lè máa sùn kóun máa rò pé bóyá ó tún ti ṣubú. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Ibi tí Gbàjúmọ̀ ò bá ti lè sùn, èmi náà ò ní lè sùn níbẹ̀."

Gbàjúmọ̀ ni ajá náà ń jẹ́, torí kò sí ẹni tí kì í kí. Ó ga, ó sanra, ìrù rẹ̀ kò mọ ìsinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó tajú kán rí Ìyáálé lórí tábìlì, ó sì sáré lọ kí i bó ṣe ń kí gbogbo ayé. Ìyáálé wú bí ìgbálẹ̀, ó fò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń pòṣé sí i láti òkè títí wọ́n fi fa àlejò jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Gbàjúmọ̀ àti Bàbá wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyáálé wà níwájú, ẹni tó bá fẹ́ kọjá a sì kọ́kọ́ béèrè pé ta ló wà ní ìta.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ bá dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í kánjú. Dókítà ní kì í ṣe pé àwọn méjèèjì kórìíra ara wọn, èdè wọn ni kò dọ́gba. Bí ajá bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ ló ń dùn. Bí ológbò bá ń ju tirẹ̀, inú ló ń bí i. Bí ajá bá tẹ iwájú balẹ̀, tó gbé ìdí sókè, eré ló ń pè. Lójú ológbò, ẹni tó fẹ́ fò mọ́ òun nìyẹn. Ajá a máa sáré bá ẹni tó fẹ́ràn, ológbò sì fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn òun dúró sáyè ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fi imú mọ ara wọn kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Kí wọ́n máa gbé ibùsùn ti ọ̀kan fún èkejì, díẹ̀díẹ̀, títí tí òórùn kejì kò fi ní jẹ́ nǹkan àjèjì mọ́.

Àlàyé gígùn ni. Àmọ́ ìyá Ọlọ́ṣẹ délé, ó bá oníbàárà mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ọ̀rọ̀ dókítà yóò sì fi dé etí ọmọ rẹ̀, gbólóhùn kan ló kù nínú rẹ̀: kó máa pààrọ̀ àkísà wọn láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó má fọ̀ ọ́. Ta ni yóò rò ó kàn?

Bàbá kò fi ọwọ́ lẹ́rán ní tirẹ̀. Ó wá pákó, ó ń kan ilẹ̀kùn kékeré kan tó ní ihò láàárín, èyí tí wọn yóò fi sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa rí ara wọn láìfarakanra. Bó bá ti kan ìṣó díẹ̀, a pe Ọlọ́ṣẹ, a ní kó wá ka ìwé rẹ̀ létí òun. Ìdánwò àṣejáde kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ọmọ ń purọ́ pé ó ti yé òun. "Tún un ṣàlàyé fún Gbàjúmọ̀," ni yóò wí, "bó bá yé ajá, ó yé ìwọ náà nìyẹn." Gbàjúmọ̀ a sì gbé orí sí ẹsẹ̀ Ọlọ́ṣẹ, a máa wò ó lẹ́nu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́. Ọmọ náà kò ní irú ẹni báyìí rí, ẹni tó lè jókòó tì í láìṣe pé aṣọ ń dúró dè é. Kò fẹ́ kí Bàbá lọ.

Bẹ́ẹ̀ lílọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti ní bí òun bá ń padà bọ̀ láti ìrìn àjò, òun yóò yà, kí Bàbá sọ bóyá ó ń bá òun padà sílé tàbí ó dúró. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọwọ́ ajá àti ológbò ni ìdáhùn wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, dókítà pe ìyá Ọlọ́ṣẹ lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà wọn. Ìyá ń lọ aṣọ, ó ṣí ohùn fóònù sókè lórí tábìlì kí òun àti ọmọ rẹ̀ lè jọ gbọ́. Dókítà béèrè ohun tí ajá ṣe nígbà tí wọ́n gbé àkísà ológbò fún un. Ṣé ó kùn? Ṣé ó ń wá a kiri? Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní kò ṣe nǹkan kan, ó kàn sùn lé e ni, Ìyáálé náà sì sùn lé tirẹ̀.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?" Ohùn dókítà yí padà. "Ó yà mí lẹ́nu o. Tí òórùn ológbò bá wọ ajá nímú tí kò tiẹ̀ dìde, a jẹ́ pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kí wọ́n ríra wọn lọ́la. Ẹ di okùn ajá mú ṣá."

Òórùn ológbò. Lójú ẹsẹ̀ ló yé Ọlọ́ṣẹ, bó ṣe máa ń yé ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ti gba ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn wo ló wà lára àkísà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀, tó tún fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀? Láti ọjọ́ yìí wá, òórùn ọṣẹ ló ń gbé fún àwọn méjèèjì. Wọn kò mọ ara wọn rárá.

Ó lanu láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ń pe Bàbá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kó wá gbọ́ ohun tí dókítà sọ, pé ọmọ òun yìí ṣe bẹbẹ. Bàbá sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé dókítà kejì wà nínú ilé. Ó na ọwọ́ sí orí Ọlọ́ṣẹ, ó fi pa á lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Ta ni yóò dìde láàárín irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀, kó wá sọ pé ṣe ni òun ń fọ̀ ọ́? Wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ̀ yóò ní ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ni kò lè ṣe iṣẹ́ tí ọmọ ọwọ́ lè ṣe. Ó sì tún rò pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ń bọ̀, kò sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ní bóyá ọṣẹ ò fọ gbogbo òórùn kúrò. Bóyá wọn yóò tiẹ̀ fẹ́ràn ara wọn. Ó gbé e mì, ó sì lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni wọ́n ní kó ṣí ilẹ̀kùn, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ dúró ti tábìlì, níbi tí Ìyáálé jókòó sí. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi okùn Gbàjúmọ̀ wé ọwọ́. Ọlọ́ṣẹ gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Àyè ṣì wà láti sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣí i.

Gbàjúmọ̀ wọlé, ó rí ológbò, ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù. Ó tẹ iwájú balẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń ṣeré. Lórí tábìlì, ìrù Ìyáálé náà ń jù, sọ́tùn-ún, sósì. "Ẹ wò ó," ni Bàbá wí tìdùnnú-tìdùnnú, "òun náà ń ju ìrù." Dókítà ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá nìkan ló gbọ́ àlàyé náà, kò sì rí àyè pariwo. Etí Ìyáálé ti lẹ̀ mọ́ orí. Gbàjúmọ̀ sún mọ́ ọn láti kí i. Èékánná ológbò gbá a nímú.

Ajá ké, ó sì fò síwájú. Okùn tó wà lọ́wọ́ Bàbá fà á bí ẹni fa ewúrẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì fi apá ṣubú lulẹ̀. Ìkọ́ aṣọ wó lé wọn lórí. Ìyáálé gba ojú fèrèsé jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ imú ajá ti ta sára àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun, Bàbá jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, apá rẹ̀ ti ń wú. Ọlọ́ṣẹ dúró sójú kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ ṣe nǹkan, kò sì sí nǹkan tó lè ṣe.

"Má bínú," ni Bàbá wí fún ọmọ rẹ̀, ìyá Ọlọ́ṣẹ. "Ajá mi ló fà á. Kò mọ àyè ara ẹ̀."

Bí wọ́n bá nà án, kò lè dun Ọlọ́ṣẹ tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n tọ́jú apá Bàbá, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Wọ́n tọ́jú imú Gbàjúmọ̀. Ìyáálé wà lórí òrùlé, kò sọ̀kalẹ̀. Eku kò pẹ́ mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá ihò lára aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé aṣọ náà lọ́wọ́, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá rẹ̀ wà, ó wo òkè tí ológbò wà, ó sì jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún. Ó pe dókítà. Dókítà ní ẹ̀rù ti wọ ológbò lára, àtibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, kò sì ní ìdánilójú. Ó ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu ni pé wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbóòórùn ara wọn rí.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Bàbá ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní pẹ̀lú apá yìí, ta ni yóò máa bá a pọnmi? Bàbá ní àwọn aládùúgbò wà, òun ti dàgbà ju ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, òun ò sì ní ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́. Ó ní kó má sunkún, kò sẹ́ni tó lé òun. Ìyẹn ló tún wá jẹ́ kí ẹkún rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Ọlọ́ṣẹ ti lọ bá Bàbá, níbi tó ti ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan gbé Gbàjúmọ̀ sókè.

"Bàbá, mo máa ń fọ̀ wọ́n."

"Kí lo máa ń fọ̀?"

"Àwọn àkísà yẹn. Kí n tó pààrọ̀ wọn ni mo máa ń fọ̀ wọ́n. Kì í ṣe Gbàjúmọ̀ ló fà á."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ ajá sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò yẹ kó o fọ̀ ọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́ tí dókítà pè."

"Kó o tó ṣílẹ̀kùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò jágbe mọ́ ọn. Ì bá sàn kó jágbe. "Ká ní o sọ ọ́ nígbà yẹn ni," ó ní, "ẹ̀rín la máa fi rín. Ọmọ alágbàfọ̀ fọ aṣọ ajá, kí ló burú níbẹ̀? A máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ì bá lọ, kó padà wá nígbà míì." Ó wo apá tí wọ́n dì. "Ṣùgbọ́n ní báyìí, ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ọlọ́ṣẹ bá a gbé ajá sínú ọkọ̀. Gbàjúmọ̀ lá a lójú, ó ń ju ìrù, ó rò pé gbogbo wọn ló jọ ń lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ tán, ilé dákẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré tí Bàbá ń kàn wà lára ògiri, ìṣó méjì yọ lára rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbọ́ ẹjọ́ náà látẹnu ọmọ rẹ̀, kò nà án, kò bú u. Ó kàn ní, "Ó yẹ kí èmi náà ti sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún ẹ," ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Ọlọ́ṣẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó rí i pé òun ń ṣàlàyé ìdáhùn nínú ọkàn òun fún ajá tí kò sí nílé mọ́.

Ọjọ́ kan ló dé láti iléèwé tí kò rí Ìyáálé lórí òrùlé. Ó wá a títí. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí díẹ̀, ó yọjú wọ ibẹ̀. Àkísà tí Gbàjúmọ̀ sùn lé kẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó rántí mú un kúrò, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Ìyáálé ń gbóòórùn rẹ̀ káàkiri, láti etí kan dé èkejì. Ó wú díẹ̀, ó tún rọlẹ̀. Ó yí po, ó sì dùbúlẹ̀ sáàárín irun ajá náà, ó di ojú.

Ọlọ́ṣẹ fara ti férémù ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí dókítà wí ló ń ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀ yìí, nígbà tí kò sí ajá mọ́. Ó wá yé e yékéyéké pé kì í ṣe àṣìṣe òun ló lé Bàbá lọ. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe, ti òun sì tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Dídákẹ́ tí òun dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nítorí pé wọ́n ń yin òun, ló lé Bàbá lọ. Ẹni tó bá ti rí àṣìṣe rẹ̀, kó sọ ọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá pẹ́, òtítọ́ náà yóò ṣì jẹ́ òtítọ́, àmọ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó mú fóònù ìyá rẹ̀, ó pe Bàbá. Ó gbọ́ tí Gbàjúmọ̀ ń gbó lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó béèrè nípa apá, Bàbá ní ó ń sàn, ó kàn ń pẹ́ ni. Ó wá sọ ohun tó rí fún un.

Bàbá ní kí Gbàjúmọ̀ yé gbó ná.

"Ó sùn lé e lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ṣì wà níbẹ̀ báyìí."

"Ó dáa," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Má fọ̀ ọ́."